Láti Ìta Ẹpa dé Họ́ọ̀lù Ilé-Ìwé Wa

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ fi ẹgba kọ́ wa lọ́gbọ́n! Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ibi tí àwa ará Ọ̀sì, Ìlọfà àti agbègbè wa ti ń ṣeré. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ nínú họ́ọ̀lù rárá. Ìta gbangba ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí Ẹpa. Orí igi tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé, òmíràn ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ó sì wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ẹni tó gbé e á jó, á sì fò gun orí ebè. Bí ó bá ṣubú, ọkàn ìlú kò ní balẹ̀. Ṣé ìnàjú nìyẹn ni, àbí ìdárayá? Méjèèjì ni! Ọmọ ilé wa ló ń gbẹ́ wọn: Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, tó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ará Odò-Ọwà, tó kú ní 1975.

Lẹ́yìn náà ni eré wọ abẹ́ òrùlé. Ní 1944, Hubert Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Glover Hall, Èkó. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ti ìlú dé ìlú. Ìlú kékeré tí kò ní ilé eré, họ́ọ̀lù ilé-ìwé ni òṣèré máa ń ta aṣọ sí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, òfin ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wa, torí abẹ́ ìjọba Àríwá la wà títí di 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí fíìmù dé, Àjàní Ògún ní 1976, Ayé ní 1979, tí fídíò sì tẹ̀lé e, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wòran nílé.

Ní tiwa, ẹ ò gbàgbé họ́ọ̀lù yẹn, àbí? Láàárọ̀, àdúrà, lọ́sàn-án, ìdánwò, nírọ̀lẹ́, tẹ́nìsì orí tábìlì, tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan dúró. Lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ láàárín eré ìparí ọdún, àwọn ìyá wa tan àtùpà wá, eré sì ń lọ.

Nígbà tí mo yà síbẹ̀ kẹ́yìn, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ti ṣí páànù. Àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù òyìnbó. N kò bú wọn. Ṣùgbọ́n eré ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn kì í ṣe tiwọn.

Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ Bámigbóyè jọ sínú gbọ̀ngàn kan kí ayé wá wò ó. Ohun tí a gbé jó nínú oòrùn nílé ti rí òrùlé lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú tẹ́nìsì orí tábìlì ní Òlíńpíìkì, ní Rio, 2016. Eré yẹn kò rọrùn láti gbá níta. Atẹ́gùn á gbé bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó yan aṣọ ẹbí ọdún yìí, ẹ jẹ́ ká kan páànù náà, ká ra tábìlì méjì, ká sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí. Ilé tí a kò bá ṣí, aláǹtakùn ni yóò gbà á.