Kí Ọmọ Tó Dé Ilé Ìwòsàn: Ìtàn Ìgbẹ́ Gbuuru ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ní Ajégúnlẹ̀ ní ìlú Èkó, ìyá rẹ̀ kì í káwọ́ lẹ́rán máa wò ó. Àkókò tí àwọn dókítà ń kà sí ìjáfara ni ó fi ń yẹ erìgì ọmọ wò, tí ó fi ń se àgbo, tí ó sì fi ń ra oògùn ní kẹ́míìsì, púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ló sì ní gbòǹgbò nínú ìtàn àdúgbò náà.

Ní àwọn ọdún 1920 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Ní àwọn ọdún 1950, Lagos Executive Development Board, ìyẹn àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti tún ìlú Èkó ṣe, kó yanrìn dí irà níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Iṣẹ́ èbúté pe èrò, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá òkè, ṣùgbọ́n owó ilé Àpápá ju agbára alágbàṣe lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ àbàtà tí omi ṣáláńgá ti ń wọ kànga nígbà òjò. Omi ẹ̀rọ Ìjù, tí ó ti dé Erékùṣù Èkó láti 1915, kò kárí wọn. Mẹ́ruwà ló ń ti ọmọlanke omi wá sí àgbàlá. Ìgbẹ́ gbuuru tí irú omi àìmọ́ bẹ́ẹ̀ ń mú padà wá léraléra kò pẹ́ di ohun tí gbogbo ọmọ ń là kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ eyín ti wọlé.

Láàrin oṣù 6 sí ọdún 2 ni ọ̀pọ̀ eyín ń yọ, àkókò náà sì ni ọmọ ń rákò, tí ó ń he ohun ilẹ̀ sẹ́nu, tí ó sì ń mu ògì tí a fi omi tí kò mọ́ pò. Àwọn ìyá rí méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gbà pé eyín ló ń fa ìgbẹ́; àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tó lajú sílẹ̀ ni. Àwọn oníṣòwò fi ìgbàgbọ́ yìí pa owó: láàrin ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín kan, My Pikin, tí kẹ́míkà olóró wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Ohun tí ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde. Bí wọ́n bá ti ń tán lára, àwùjẹ̀, ìyẹn ibi rírọ̀ lórí ọmọ, á jìn, ojú á wọnú, ẹkún rẹ̀ kò sì ní lómijé. Ní 1971, ní àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní Íńdíà, dókítà Dilip Mahalanabis fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà, tí ń dá ohun tó bá ìgbẹ́ jáde padà sára, gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ àrùn onígbáméjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, tiraka láti sọ irú omi bẹ́ẹ̀ di ohun tí ìyá lè pò nílé. Ìgò bíà 1 tàbí ìgò mínírà 2 ni wọ́n fi ń wọn omi rẹ̀ nígbà náà. Ìṣòro omi náà ni pé kì í dá ìgbẹ́ dúró, ìyá tí ó sì ń retí kí ìgbẹ́ dá á gbà pé kò ṣiṣẹ́, á sì yà sí kẹ́míìsì lọ ra Flagyl, oògùn apakòkòrò.

Ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú dá kún ìjáfara náà. Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjọba ológun, owó káàdì àti owó oògùn padà dé. Ìyá tó ń pàtẹ ní ọjà Boundary mọ̀ pé bí òun bá lọ tò sí ilé ìwòsàn ìjọba, ọjà ọjọ́ náà ti gbé, ó sì lè ní láti dúró kí bàbá ọmọ ti wọ́ọ̀fù dé kí owó tó yọ. Kẹ́míìsì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta oògùn ní hóró kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tà á láwìn. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dámọ̀ràn ORS, èròjà omi oníyọ̀ àti ṣúgà náà tí a ń tà nínú ọ̀rá, tí iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ti dín kù, wọ́n sì ní kí a máa lo síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14 pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ń dín ọjọ́ ìgbẹ́ kù, tí oníkẹ́míìsì sì lè tà dípò Flagyl.