Wíwá ìdí tí bùráúsà fi ń kú lójijì lórí Linux

Wíwá ìdí tí bùráúsà fi ń kú lójijì lórí Linux jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí oníkọ̀ǹpútà tàbí alátùn-únṣe rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí Firefox, Chrome, Chromium tàbí irú wọn bá pa dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Linux máa ń kọ ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ikú àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ yìí ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n yọ bùráúsà kúrò, kí wọ́n tún un gbé padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ kọ́ ni àìsàn wà.

Ìtàn

Linus Torvalds gbé kernel Linux, ètò tó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀, jáde ní 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland. Ní oṣù Kẹwàá 2004 ni Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀, kọ́kọ́ jáde. Firefox 1.0 tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Láyé ìgbà yẹn, inú process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ewé tí ènìyàn ṣí ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn a bá a lọ. Chrome, tó jáde ní 2008, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí àwọn ojú ewé máa ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tó dúró dáadáa dé orí Linux ní 2010. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú ẹ̀dà 48 ní 2016. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó ń jẹ RAM ju ti àtijọ́ lọ.

Ní Tẹ́júoṣó àti Yábàá

Ọjà Tẹ́júoṣó, tó wà lójú ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba ní Yábàá, Èkó, jóná ní oṣù Kejìlá 2007. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Láàárín ìgbà náà ni àdúgbò tó yí i ká di ibùdó àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Yaba College of Technology ti wà níbẹ̀ láti 1947, wọ́n sì dá Yunifásítì Èkó, tó wà ní Akọkà, sílẹ̀ ní 1962. Co-Creation Hub ṣílẹ̀kùn lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní 2011, Andela bẹ̀rẹ̀ ní 2014, Mark Zuckerberg olùdásílẹ̀ Facebook sì ṣe àbẹ̀wò sí àwọn méjèèjì ní oṣù Kẹjọ 2016.

Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, RAM 4GB sì wọ́pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11, tó ń béèrè TPM 2.0 àti ẹ̀yà CPU tó tuntun díẹ̀. Linux ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí kò ní pẹ́ bá ìṣòro RAM pàdé.

Nígbà tí RAM bá kún

Èyí ni apá tó yẹ kí alátùn-únṣe mọ̀ dunjú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé nínú ọ̀ràn yìí bùráúsà kò ṣẹ̀ rárá: wọ́n pa á ni. Bí RAM bá kún, tí swap, àyè orí díìsìkì tí Linux ń lò bíi RAM, náà sì kún, kernel gbọ́dọ̀ pa nǹkan kan kí ẹ̀rọ má baà dúró gbagidi. OOM killer ni orúkọ ẹ̀yà kernel tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó máa ń fún process kọ̀ọ̀kan ní máàkì ní ìbámu pẹ̀lú bí ó ṣe ń jẹ RAM tó, èyí tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ni yóò pa. Chromium fúnra rẹ̀ máa ń fi kún máàkì àwọn ojú ewé, kí ikú lè mú ojú ewé kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bùráúsà lódindi.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro rí. Kí ènìyàn ṣí Terminal ní kété tí bùráúsà bá ti kú, kó tẹ journalctl -k, kó sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó bá rí ìlà tó sọ pé Out of memory: Killed process, tí nọ́ńbà kan àti orúkọ Isolated Web Co sì tẹ̀ lé e, ojú ewé Firefox kan ni wọ́n pa níbẹ̀. Orúkọ náà gan-an ni Isolated Web Content. Lẹ́tà 15 péré ni kernel máa ń tọ́jú nínú orúkọ process, ìyẹn ló fi gé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ìlà yìí kọjá nítorí pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ Firefox, wọn kò sì rí i.

Láti Ubuntu 22.04, tó jáde ní oṣù Kẹrin 2022, systemd-oomd, tí òun náà ń pa ètò nítorí RAM, tún wà níbẹ̀. Kì í dúró kí RAM tán pátápátá kó tó gbé ìgbésẹ̀, ó sì lè pa ètò lódindi pẹ̀lú gbogbo ojú ewé tó ṣí. Àṣẹ journalctl -u systemd-oomd ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ní ti RAM tó kù, free -h ni kí a tẹ̀, ká wo abẹ́ available. Iye tó wà lábẹ́ free máa ń kéré nígbà gbogbo, torí Linux máa ń fi RAM tí kò níṣẹ́ tọ́jú fáìlì. Àtúnṣe tó dájú jù ni kí a fi RAM kún un. Bí owó kò bá tíì sí, kí a fẹ swap lójú tàbí kí a lo zram, tó ń fún ohun inú RAM pọ̀ kí ó lè gbà sí i.

Profile

Àwọn ìsàmì, ọ̀rọ̀ aṣínà, àfikún àti ìtàn ibi tí ènìyàn ti dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé inú fódà tí à ń pè ní profile. Ti Firefox sábà máa ń wà ní ~/.mozilla/firefox, tàbí ~/snap/firefox/common/.mozilla/firefox bó bá jẹ́ snap, ọ̀kan lára ọ̀nà tí Ubuntu fi ń pín ètò. Ti Chrome wà ní ~/.config/google-chrome. Apt kì í fọwọ́ kan fódà wọ̀nyí, kódà bí a bá fi purge kún un. Bó bá jẹ́ pé profile ló ń ṣàìsàn, yíyọ bùráúsà kúrò àti gbígbé e padà kò ju fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá lọ, owó data á sì ti bá a lọ. Ẹni tó bá tún Ubuntu lódindi wà á lulẹ̀ yóò ná ju 5GB lọ. Ní oṣù Kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Láti mọ̀ bóyá profile ló fà á, kí a tẹ firefox -P, ká dá profile tuntun sílẹ̀, ká sì lò ó bí a ṣe ń lo ti tẹ́lẹ̀. Fún Chrome, google-chrome --user-data-dir=/tmp/idanwo ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí kò bá kú mọ́, a ti mú olè. Àfikún ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Troubleshoot Mode ti Firefox máa ń pa gbogbo wọn tì fúngbà díẹ̀. Bí iná ọba bá lọ nígbà tí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ti kú, fáìlì tí bùráúsà ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́, pàápàá places.sqlite, tó ń tọ́jú ìsàmì àti ìtàn. Bọ́tìnnì Verify Integrity wà nínú about:support fún un. Bí díìsìkì bá kún, bùráúsà kò ní lè kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Àṣẹ df -h ló ń sọ bóyá àyè kù.

Àwòrán

Awakọ̀ (driver) káàdì àwòrán, ti Nvidia pàápàá, lè pa bùráúsà. Kí a pa hardware acceleration nínú ètò rẹ̀, ká wò ó. Láti ẹ̀dà 121 ní oṣù Kejìlá 2023 ni Firefox ti ń lo Wayland, ọ̀nà tuntun tí Linux fi ń gbé fèrèsé sójú ẹ̀rọ, fúnra rẹ̀ níbi tó bá wà; MOZ_ENABLE_WAYLAND=0 níwájú àṣẹ firefox ń dá a padà sí ọ̀nà àtijọ́ fún ìdánwò.

Àríyànjiyàn lórí snap

Láti Ubuntu 21.10 ni Firefox ti ń wá gẹ́gẹ́ bí snap, láti 22.04 sì ni ti deb, ọ̀nà àtijọ́, ti kúrò nínú àpótí Ubuntu. Àwọn kan gbà pé snap ló ń pa bùráúsà wọn. Pé ó ń pẹ́ kó tó ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ti ikú ni kò rọrùn láti dá lẹ́jọ́: ẹ̀dà 22.04 kan náà ló mú systemd-oomd wọlé, ó sì ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan snap jẹ́ ti oomd. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ẹ̀rọ tirẹ̀ lè dán deb tí Mozilla fúnra rẹ̀ ń pín láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 wò.

Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ

Bó bá jẹ́ pé onírúurú ètò ló ń kú láìnídìí kan pàtó, kí a fi memtest86+ yẹ RAM wò.

Ìròyìn ikú

about:crashes ń to ìròyìn ikú Firefox, a sì lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí Mozilla láti ibẹ̀. Chrome://crashes ni ti Chrome. Níbi tí systemd-coredump bá wà, coredumpctl list ń fi àkókò ikú àti irú rẹ̀ hàn. SIGSEGV túmọ̀ sí pé ètò náà fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí kò ní ẹ̀tọ́ sí nínú RAM, SIGKILL, tí kì í hàn nínú coredumpctl torí kì í fi fáìlì core sílẹ̀, sì máa ń tọ́ka sí pé ẹlòmíì ló pa á. Fáìlì core tí systemd-coredump ń tọ́jú lè gbé ohun gbogbo tó wà nínú RAM bùráúsà lákòókò náà, ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì pẹ̀lú, nítorí náà kò yẹ kí a gbé e fún alátùn-únṣe tàbí kí a fi í ránṣẹ́ sí àjèjì láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.