Òṣùwọ̀n Ìmẹ̀sí-Ilé

Nínú èdè wa, ìrora kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, ẹ̀gbẹ́ a máa gúnni, egbò a sì máa tani. Àgbàlagbà tí ó bá dé iwájú oníṣègùn lè mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ó fi ṣe atọ́nà fún un. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe fún ọmọ ọwọ́, tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ẹkún lọ? Báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ pé oògùn tí a fún un jẹ́? Ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn ibi tí a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú náà, èyí tí àwọn tí ó mọ ìtàn ogun Kíríjì kò lè gbàgbé, nítorí níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí. Ní 1956 ni David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Kò jókòó de àwọn aláìsàn ní Iléṣà nìkan. Ó tọ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ àwọn tí a bí níbẹ̀ títí wọ́n fi di ọmọ ọdún 5.

Ẹkún kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ tí ara rẹ̀ le a máa ké tòò nítorí abẹ́rẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n èyí tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ sì ń pọ́n, a máa jókòó jẹ́ẹ́, kò ní ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò tilẹ̀ lè máa yìn ín pé ó níwà tútù! Bí a bá ń fi ẹkún díwọ̀n ìyà, ẹni tí ìyà ń jẹ jù lọ ni a ó kọ́kọ́ gbàgbé.

Nítorí náà ni Morley ṣe yíjú sí òṣùwọ̀n. A ṣe káàdì kan, a kọ oṣù ọjọ́ orí ọmọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì kọ ìwọ̀n ara sí ẹ̀gbẹ́. Nígbàkúùgbà tí a bá wọn ọmọ, a ó fi àmì síbi tí ó dé, a ó sì fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ gbọọrọ, kí a ṣọ́ra. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu dé. Ibi tí ìlà kọjú sí ṣe pàtàkì ju ibi tí ó wà lọ, nítorí ọmọ kékeré lè jẹ́ ọmọ líle. Ọwọ́ ìyá ni káàdì sì ń wà, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Èyí ni ó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí ìlà tí ó ń gòkè.

Káàdì náà a sì máa ṣe ìdájọ́ oníṣègùn. Bí èéyi bá bọ́ lára ọmọ, gbogbo ilé a ní ó ti san. Ṣùgbọ́n ìlà lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Báyìí ni a ṣe rí bí èéyi ti wúwo tó fún àwọn ọmọ wa. Ní nǹkan bí 1960, Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní Boston, wá dán an wò pẹ̀lú Morley.

Lẹ́yìn náà ni a fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí, aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, a sì rí i pé ọmọdé tí ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré sí ti ibẹ̀. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n kò lè wọn etí ríro tàbí inú rírun; fún ìwọ̀nyí, ojú ọmọ àti ẹnu ìyá ni a ṣì ń wò. Ṣùgbọ́n irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, lọ́wọ́ àwọn ìyá tí kò gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé rí.