Wúrà Gúúsù Áfíríkà àti Àwọn tí ó San Gbèsè Rẹ̀

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó sọ Johannesburg di ìlú ńlá, wúrà ni yóò dáhùn, kò sì purọ́. Ní 1886 tí wọ́n rí wúrà ní Langlaagte ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wúrà ibẹ̀ kò pọ̀ nínú òkúta rẹ̀. Ó fọ́nká bí eruku, òkúta náà le, ó sì rì wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà. Tọ́ọ̀nù òkúta kan lè má mú ju gíráàmù wúrà díẹ̀ jáde.

Àwọn tí ń wà á kọ́ ni ó sì ń dá iye lé e. Láti 1934 títí di 1971, dọ́là 35 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá lé áúǹsì kan. Nígbà tí oníṣòwò kò lè fowó kún ọjà, inú ìnáwó ni yóò ti wá èrè, ọ̀yà òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ni ó sì rọrùn jù láti dín kù. Ní ojú tèmi, ibí ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà wà ju inú ìwà ọ̀gá kan tàbí òmíràn lọ, bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ wọ́n.

Ẹ wo ọ̀ràn eruku. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń lu òkúta dé, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn awakùsà, ó ń sọ ọ́ di líle, èémí wọn a sì máa kúrú díẹ̀díẹ̀. Ní 1912 òfin ti wà lórí owó gbà-má-bìínú fún àrùn náà, àmọ́ ohun tí aláwọ̀ funfun ń gbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí adúláwọ̀ ń gbà. Ẹni tí ó wá láti Transkei, Lesotho tàbí Mozambique tí àrùn bá mú, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí kí aya àti ọmọ rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Ìnáwó náà kúrò nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́, ó bọ́ sí ọrùn àwọn ará oko.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1946, awakùsà tí ó lé ní 60,000 daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń béèrè ṣílè 10 fún iṣẹ́ òòjọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ọlọ́pàá ti fipá lé wọn padà sẹ́nu iṣẹ́; ó kéré tán, ènìyàn 9 kú.

Lẹ́yìn 1971 iye wúrà fò sókè, ọ̀yà pàápàá gòkè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1986, iná àwọn tí ń jó irin pọ̀ ràn mọ́ fóòmù tí wọ́n fi bo ògiri ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ní Kinross, èéfín olóró rẹ̀ sì pa ènìyàn 177.

Ilẹ̀ náà kò gbẹ́yìn nínú ìyà yìí. Láti nǹkan bí 1890 ni wọ́n ti ń fi oògùn olóró cyanide yọ wúrà nínú òkúta lílọ̀, ẹrọ̀fọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń mọ odi sé mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn odi bẹ́ẹ̀ wó lẹ́yìn òjò ńlá ní Merriespruit ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1994, ó bo ilé mọ́lẹ̀, ènìyàn 17 sì kú. Níbi tí wọ́n ti pa kòtò tì tí wọ́n kò fa omi rẹ̀ mọ́, omi pàdé imí-ọjọ́ inú òkúta, ó di kíkan. Ní 2002 ó ń ṣàn jáde lẹ́bàá Krugersdorp.

Òfin 1996 fún òṣìṣẹ́ láṣẹ láti kúrò níbi tí ewu bá wà. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ dá a láre pé Thembekile Mankayi, awakùsà tí eruku ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, lè pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ti kú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdájọ́ náà. Ní 2018 àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́fà gbà láti san nǹkan bí bílíọ̀nù 5 owó ráńdì fún irú wọn àti àwọn ẹbí wọn. Ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹta 1965 kò sí nínú rẹ̀.