Oògùn Oorun àti Ọkàn Tí Ẹ̀rù Bà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1848, wọ́n fi ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan, Hannah Greener, jókòó sórí àga ní Winlaton, nítòsí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èékánná ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ fún un. Ta ni èékánná pa rí? Klorofọ́ọ̀mù, oògùn oorun tí Simpson ti Edinburgh ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1847, ni wọ́n dà sórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó nímú. Ọmọ náà ń sunkún, ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Bí wọ́n ti fi ọ̀bẹ kàn án, ó ta ẹsẹ̀, ètè rẹ̀ sì funfun. Wọ́n rọ omi àti burandí sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ.

Ìjà dé. Simpson ní omi àti burandí ni ó há a lọ́fun. John Snow ní oògùn náà ni ó dá ọkàn rẹ̀ dúró. Ó ju 60 ọdún lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú. Ìgbìmọ̀ méjì jókòó lé e lórí ní Hyderabad ní Índíà, ní 1888 àti 1889. Owó Nizam, ọba ibẹ̀, ni wọ́n sì fi ṣe èkejì. Wọ́n ní mímí aláìsàn ni kí dókítà máa ṣọ́, kí ó má wulẹ̀ ka lílù ọkàn sí. Ní tèmi, ìdájọ́ yìí ni ó burú jù nínú ìtàn náà, nítorí ohùn àṣẹ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní 1911 ni Levy fi ológbò wádìí ọ̀ràn náà. Ó rí i pé nígbà tí oògùn bá kéré, tí oorun kò tí ì wọra, ni ewu pọ̀ jù. Bí adirẹnálíìnì, èyí tí ẹ̀rù máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, bá bá klorofọ́ọ̀mù pàdé, ọkàn lè ṣíwọ́ lílù gidi, kí ó máa gbọ̀n rìrì, kí ó má sì lè ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àṣé dókítà tí ń bẹ̀rù ikú, tí ń fún aláìsàn ní oògùn díẹ̀díẹ̀, ni ó ń pe ikú náà! Àwa Yorùbá a máa sọ nípa ẹni tí ẹ̀rù bà pé àyà rẹ̀ já. Bí ó bá jẹ́ báyìí ni ti Hannah rí, kì í ṣe àfiwé lásán mọ́.

Ní 1947, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ọkàn ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Claude Beck fi ọwọ́ tẹ ọkàn náà títí, ó sì fi iná mànàmáná ta á jí. Ọmọ náà yè. Wọ́n ti pa klorofọ́ọ̀mù tì báyìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ségesège, wọ́n á kọ́kọ́ fi í lára balẹ̀. Kí wọ́n tó fi oorun kùn ún, ẹ̀rọ ti ń ya lílù ọkàn rẹ̀ sójú dígí, ẹ̀rọ iná sì ti wà ní ìtòsí.