Normandie: Ọkọ̀ Tó Gba Ipò Kìn-ín-ní, Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

  

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí CMS. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ti rí àyè jókòó. A ò tíì rìn jìnnà tí ìjókòó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yín ti fẹ́ kú o!" Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Ìdí ọkọ̀ ni ká wò." Ó pa á, ó gbé e sókè kúrò nínú omi. Ọ̀rá àti okùn àwọ̀n ló ti lọ́ mọ́ pùròpẹ́là. Ó gé e dànù, a sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló rán mi létí Normandie.

Ní Saint-Nazaire, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti kan ọkọ̀ yìí. Wọ́n sọ ọ́ sómi ní October 29, 1932. Gígùn rẹ̀ ju mítà 300 lọ. Ẹni tó ya àwòrán ara rẹ̀ ni Vladimir Yourkevitch, ọmọ Rọ́ṣíà tó já pa kúrò nílé lẹ́yìn ìdojú-ìjọba-dé ọdún 1917. Kó tó ríṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu ní Faransé, ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ mọ́tò Renault. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó gba digírì tán tó wá ń gbé ẹrù ní London, irú ìtàn yẹn ò ṣàjèjì sí yín.

Ní May 29, 1935, Normandie kúrò ní Le Havre, ó forí lé New York. Ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí mẹ́ta ló fi la òkun Àtìláńtíìkì já, ó sì gba Blue Riband, ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó yára jù lọ lórí òkun náà. Gbogbo Faransé yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn tí owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kéré sí. Bí ọkọ̀ bá ti sáré, gbogbo ẹ̀yìn á máa gbọ̀n jìgìjìgì, débi pé àwọn yàrá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbé. Àwọn olówó tó wà láàárín ọkọ̀ ń jẹun nínú ìtura ní tiwọn.

Kí ló fà á? Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Iná mànàmáná ló ń yí àwọn ọ̀pá irin mẹ́rin tó gbé pùròpẹ́là dání, wọ́n sì ń yí wọ́ọ́rọ́. Pùròpẹ́là gan-an ni ìṣòro náà. Apá mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, bíi fáànù. Omi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kì í ṣàn bákan náà níbi gbogbo. Bí apá kan bá ṣe ń kọjá nítòsí ara ọkọ̀ ni omi á máa lu ọkọ̀ gbì. Apá mẹ́ta túmọ̀ sí gbì mẹ́ta nínú ìyípo kan. Bí pùròpẹ́là bá yí nígbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ó di ìlù 600 nìyẹn.

Ẹ ti rí i rí: gẹnẹrétọ̀ àdúgbò á máa dún, gíláàsì fèrèsé kan ṣoṣo lá máa gbọ̀n. Ìró yẹn ló bá a mu. Bí ọ̀rọ̀ Normandie náà ṣe rí nìyẹn: ìlù omi ti bá bí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n mu.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọn ò ní kí ọkọ̀ má sáré mọ́. Láàárín ìgbà òtútù 1935 sí 1936, wọ́n dá a dúró, wọ́n fi irin kún ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè le sí i, wọ́n sì fi pùròpẹ́là alápá mẹ́rin rọ́pò ti alápá mẹ́ta. Ẹrù tó wà lórí apá kọ̀ọ̀kan fúyẹ́, ìlù 600 tá a fi ṣàpẹẹrẹ di 800, kò sì bá irin yẹn mu mọ́. Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ gan-an.

Eré ńkọ́? Queen Mary, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba ẹ̀yẹ náà ní August 1936. Ní 1937, Normandie gbà á padà, ó sì sáré kọjá 31 knots. Queen Mary tún gbà á ní 1938.

Iná ló pa Normandie níkẹyìn, ní èbúté New York, ní February 9, 1942, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ọkọ̀ akósójà.

Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ lè gba ipò kìn-ín-ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má sì rí oorun sùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ dára, kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó dìgbà kan ná.