Àwọn Òmìrán Inú Ìwé Mímọ́ Àwọn Hébérù: Ta ni Wọ́n, Kí ni Wọ́n sì Dúró Fún?

Ẹni tí ó bá ṣí orí kẹfà ìwé Gẹ́nẹ́sísì nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, yóò pàdé àwọn òmìrán níbẹ̀. Bí ó bá ṣí Bíbélì Faransé ti Louis Segond, « géants » ni yóò bá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ « Bible de Jérusalem » ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí òmìrán kankan ní ẹsẹ náà: ọ̀rọ̀ Hébérù gan-an, « Nephilim », ni àwọn atúmọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń ka èdè méjèèjì kò lè fojú fo ìyàtọ̀ yìí. Ó ń bi wá léèrè bóyá gíga ara nìkan ni àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí ń sọ.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so Nephilim mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tí ó túmọ̀ sí « láti ṣubú ». Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Júù tí ó wà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni « gigantes », orúkọ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe àwọn ọmọ Ilẹ̀ tí ó bá àwọn òrìṣà jagun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún Nímródù ọdẹ, ẹni tí èdè Hébérù pè ní alágbára lásán. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ síra ní Hébérù ṣe di ọ̀kan ṣoṣo, tí ó sì gba èdè Látìn kọjá dé inú èdè Faransé.

Bí a bá padà sí Hébérù, a ó rí i pé orúkọ àwọn ẹ̀yà náà kò kéré. Ìwé Diutarónómì, ní orí kejì, sọ pé àwọn ará Móábù ń pe àwọn tí ó ti gbé ilẹ̀ wọn rí ní Émímù, àwọn ará Ámónì sì ń pe tiwọn ní Samsúmímù. Àwọn ọmọ Ánákì ni ó wà ní Hébúrónì. Gbogbo wọn ni ìwé náà kà mọ́ ẹ̀yà ènìyàn gíga. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ méjì àkọ́kọ́ yìí, ẹnu àwọn tí ó gba ilẹ̀ ni ó ti jáde. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kì í ṣe Ísírẹ́lì nìkan ni ó ní irú ìtàn yìí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní in. Nítorí náà, « òmìrán » níhìn-ín jẹ́ orúkọ fún onílẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ti wà kí a tó dé.

Orúkọ kẹrin, Réfáímù, tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Aísáyà àti ti Òwe, ọ̀rọ̀ kan náà dúró fún àwọn òkú tí ó wà ní ipò òkú. Láti ọdún 1929 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń hú wàláà amọ̀ jáde ní Ras Shamra ní Síríà, níbi tí ìlú Ugarit wà rí. Nínú àwọn wàláà náà, a rí irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọba ayé àtijọ́ tí a ń pè níbi ètùtù ìsìnkú ọba. Àwa tí a mọ ohun tí à ń pè ní ará ọ̀run kò ní ṣàì lóye rẹ̀: ẹni ńlá tí ó ti lọ a máa tóbi sí i ní ọkàn àwọn tí ó kù.

Ógù, ọba Báṣánì, ni ìwé náà pè ní ẹni ìkẹyìn nínú Réfáímù. A sọ pé ibùsùn irin rẹ̀ gùn ní ìgbọ̀nwọ́ 9, ó sì fẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ 4, èyí tí ó tó mítà 4 sí nǹkan bí mítà 1.8. Ní agbègbè Báṣánì àti ní Jọ́dánì, àwọn ibojì olókùúta ràbàtà tí ó ti wà ṣáájú Ísírẹ́lì ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àwọn onímọ̀ kan rò pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ó bí ìtàn ibùsùn náà.

Gíga Gòláyátì ará Gátì pàápàá kò dúró lójú kan. Ìwé Hébérù tí a jogún fún un ní ìgbọ̀nwọ́ 6 àti àtẹ́lẹwọ́ kan, bí i mítà 3. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Gíríìkì àti ìwé kíká Sámúẹ́lì tí a rí ní Qumran, tí ó dàgbà jù ú lọ, sọ pé ìgbọ̀nwọ́ 4 àti àtẹ́lẹwọ́ kan ni, bí i mítà 2. Bí ìtàn ti ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ń ga.

Ìwé Númérì fúnra rẹ̀ mọ àṣírí yìí. Nígbà tí àwọn amí padà láti Kénáánì, wọ́n ní àwọn dà bí tata lójú ara àwọn níwájú àwọn ọmọ Ánákì. Kálẹ́bù, tí ó rí àwọn ènìyàn kan náà, kò rí ìdí tí wọn kò fi ní lè gòkè lọ. Ìbẹ̀rù ni ó fi ọ̀pá wọn ọ̀tá.

Ohun tí èyí kọ́ wa kò mọ sí ilẹ̀ Kénáánì. Àwọn Ánákì àti Réfáímù kò fi ìwé kan sílẹ̀ fún wa láti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹnu ẹni tí ó gba ilẹ̀ wọn nìkan ni a ti gbọ́. Àwọn àgbà wa sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbàkígbà tí ìtàn bá sọ fún yín pé òmìrán ni ó kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ kan, tàbí pé aráarà ni wọ́n, ẹ béèrè ẹni tí ń ròyìn, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ láti fèsì.